Àpótí Elétí

Ká ní wọ́n ń fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ jẹ oyè ni, obìnrin tí ìtàn rẹ̀ wà nílẹ̀ yìí ì bá ti jẹ oyè méje, ì bá sì tún pín èyí tó ṣẹ́kù fún àwọn aládùúgbò. Ìyá Ẹ-dákẹ́-ná ni àwọn tó ń kọ́ níṣẹ́ ń pè é, nítorí kò sí ẹni tó jókòó sí kíláàsì rẹ̀ rí tí kò gbọ́ gbólóhùn yẹn títí tó fi ń lá a lálàá: "Ẹ dákẹ́ ná. Ọmọ náà kò tíì sọ̀rọ̀ tán."

Iṣẹ́ etí ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń kọ́ àwọn àgbàlagbà bí a ṣe ń jókòó ti ọmọdé tàbí ọ̀dọ́ tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàárẹ̀: èyí tí ẹ̀rù kò jẹ́ kó lè wọ ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, èyí tí ìbànújẹ́ dè mọ́ orí bẹ́ẹ̀dì, èyí tó ń fi abẹ ya apá ara rẹ̀ tó sì ń wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn nínú ooru. Oṣù mẹ́wàá ni kọ́ọ̀sì náà. Ẹni tó bá là á já yóò gba ìwé ẹ̀rí, yóò lọ sí ilé ìwé tàbí ilé ìtọ́jú kan, àwọn ọmọ yóò sì máa wá bá a lọ́kọ̀ọ̀kan, wákàtí kan lọ́sẹ̀. Mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí olùkọ́ iṣẹ́ yìí tó tó o láti ibi tí oòrùn ti ń yọ títí dé ibi tó ń wọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó lọ jókòó sórí àga rẹ̀ ná.

Àga ọ̀hún gan-an, ìtàn ni. Lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì, nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ, àga méjìlá ló tò sílẹ̀, gbogbo wọn jẹ́ ti ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Àgbàlagbà tó bá jókòó sórí rẹ̀, orúnkún rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. "Ẹni tí kò bá tíì jókòó síbi tí ọmọdé ń jókòó," ni ìyá máa ń wí, "kò lẹ́tọ̀ọ́ láti bi ọmọdé ní ìbéèrè." Yàrá kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí, dígí ńlá kan ló pààlà láàárín wọn. Ẹni tó wà nínú yàrá kékeré ń rí àwọn tó wà nínú yàrá ńlá, àwọn kò rí i. Bí ó bá sì fẹ́ gbọ́ ohùn wọn, á tẹ bọ́tìnnì kan lára ògiri.

Bí ọmọ bá sọ̀rọ̀ tó dúró, olùtọ́jú gbọ́dọ̀ ka ení, èjì, títí dé eéje nínú ọkàn rẹ̀ kó tó la ẹnu. Ọmọ tó ń bẹ̀rù, a ó jọ ya àkàbà ẹ̀rù pẹ̀lú rẹ̀ sórí ìwé, ohun tó bà á lẹ́rù díẹ̀ á wà nísàlẹ̀, èyí tó bà á lẹ́rù jù á wà lókè ténté, a ó sì jọ gùn ún ní àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan. Èyí tó le jù nínú ẹ̀kọ́ náà ni ti ògiri. Olúkúlùkù á dúró níwájú ògiri, á bi í léèrè ketekete pé, "Ṣé o ti ronú rí láti pa ara rẹ?" títí ahọ́n rẹ̀ kò fi ní kọ́ mọ́. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tó ti wẹ òkú fún ọdún méjìdínlógún láì jẹ́ kí ojú rẹ̀ ṣẹ́. Níwájú ògiri yẹn, ó bú sẹ́kún.

"Ògiri kò tíì dáhùn, ẹkún ti dé," ni Ìyá Ẹ-dákẹ́-ná wí. "Bí ọmọ bá wá ní 'bẹ́ẹ̀ ni' ńkọ́? Ẹ nu ojú yín, ẹ tún un bi."

Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́ ni ọkùnrin ẹni ogójì ọdún kan, tó ti wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé fún ọdún mẹ́rìnlá kó tó di pé ó ní òun fẹ́ mọ ohun tí àwọn ọmọ tó máa ń sunkún lẹ́yìn òun ń sunkún sí. Awakọ̀ ni gbogbo wọn ń pè é. Ẹnu rẹ̀ kì í gbófo. Ní oṣù kẹta tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, ó wọlé lọ́jọ́ kan, ó ká fìlà mọ́wọ́.

"Màmá, iṣẹ́ tí ẹ ń kọ́ mi yìí fẹ́ tú ilé mi o."

"Kí ló dé?"

"Ìyàwó mi ní iyọ̀ tán. Mo ṣe bí ẹ ṣe kọ́ wa, mo ní, 'Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ ni pé inú rẹ kò dùn sí i pé iyọ̀ tán.' Ó wò mí títí, ó ní kí n lọ bá ẹni tó kọ́ mi ní wèrè yẹn, kó bá mi ra iyọ̀ bọ̀."

Yàrá gbóná fún ẹ̀rín. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀hún gún un níbì kan, nítorí ilé tirẹ̀ ti tú tipẹ́, kì í sì í ṣe iyọ̀ ló tú u.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin. Nígbà tó wà ní kékeré, Oníròyìn ni wọ́n ń pè é. Bí ó bá ti ilé ìwé dé, kò ní bọ́ bàtà tí yóò fi máa ròyìn: ẹni tó ṣubú, ẹni tó purọ́, ẹyẹ tó wọ kíláàsì, bí tíṣà ṣe ń sín. Bàbá rẹ̀ á ní, "Oníròyìn, jẹ́ ká mí," á sì tún bi í pé, "Ẹyẹ ọ̀hún wá ńkọ́?" Ọmọ náà pé mẹ́sàn-án ni bàbá náà kú. Ilé dákẹ́. Ìyá rẹ̀ lọ gba iṣẹ́ akọ̀wé ní ilé ìwé tí ọmọ náà ń lọ, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Bẹ́ǹṣì kan wà níwájú ọ́fíìsì rẹ̀ níbi tí àwọn ọmọ tí ọ̀gá ilé ìwé bá ránṣẹ́ pè máa ń jókòó sí. Bí wọ́n ṣe ń dúró ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ fún un. Ó ń tẹ̀wé, ó ń gbọ́. Wọ́n wá pọ̀ débi pé ó mú páálí bàtà kan, ó fi abẹ gé ẹnu sí i, ó sì fi bírò ya etí sára rẹ̀ kí wọ́n lè mọ ohun tó wà fún. Kò mọ̀ ọ́n yà. Ẹ̀wà ni etí náà jọ, kódà ẹ̀wà tí kòkòrò ti jẹ. Ó ní kí ẹni tó bá ní ohun tó ń dùn ún kọ ọ́ sínú ìwé, kó má kọ orúkọ, kó kọ nọ́ńbà tó bá wù ú. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, èsì á wà lára bọ́ọ̀dù lábẹ́ nọ́ńbà yẹn, nínú àpò ìwé tí wọ́n lẹ̀ pa. Àwọn ọmọ kọ̀wé bí òjò. Ó dáhùn gbogbo rẹ̀, ìlà kan náà ló sì fi ń parí èsì kọ̀ọ̀kan: "A dúpẹ́ pé o sọ fún wa. Ta ni àgbàlagbà tí o lè bá sọ̀rọ̀ nílé?" Tí ọdún bá parí, ó ń sun àwọn ìwé náà lójú ọ̀gá ilé ìwé, kí àṣírí ọmọ kankan má bàa tú. Ọdún mẹ́rin ló fi ṣe é kí wọ́n tó rí ẹ̀bùn tó wà lára rẹ̀, kí wọ́n tó ní kó lọ kọ́ iṣẹ́ náà dójú àmì.

Ṣùgbọ́n bó bá dé ilé nírọ̀lẹ́, etí rẹ̀ á ti kún. Oníròyìn á ní, "Màámi, ẹ gbọ́," òun á ní, "Jẹ́ kí n simi ná, ọmọ mi." Ọmọ ẹni kò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn, ẹnu gbogbo wa la ti ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n obìnrin yìí kò mọ̀ pé òun ń so ìlẹ̀kẹ̀. Ìgbà tó fi máa simi tán, ọmọ ti pé mẹ́tàlá, kò sì ní ìròyìn kankan mọ́.

Ní báyìí, ọmọ náà ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún, ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn tó jìnnà. Ọjọ́ Àìkú, aago márùn-ún, ló máa ń pè. "Ṣé dáadáa ni?" "Dáadáa ni." "Ṣé o jẹun?" "Mo jẹun, Màámi." "Iṣẹ́ ńkọ́?" "Ó ń lọ." Ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó ti parí. Ìyá rẹ̀ á ṣì gbé fóònù mọ́ etí lẹ́yìn tí ọmọ ti pa tirẹ̀, bí ẹni tó ń retí kí ìsàlẹ̀ ìkòkò tú nǹkan sílẹ̀. Ìgbà kan wà tó gbìyànjú. Ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Mo gbọ́ bí o ṣe mí kanlẹ̀ yẹn. Ṣé wàá fẹ́ ká sọ̀rọ̀ lé e lórí?"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi iṣẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. Mi ò sí nínú kíláàsì yín."

Láti ọjọ́ náà, kò dán an wò mọ́. Ohun tó ń wù ú kò pọ̀. Ó wù ú kí ọmọ náà ròyìn ohun kan fún un, ohun yòówù, ìbáà ṣe ti ẹyẹ tó wọ ọ́fíìsì. Ó ti kọ́ ọgọ́ta ó lé ènìyàn bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí ọmọ sọ̀rọ̀, kò sì rí ọ̀kan tó lè kọ́ òun.

Lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta, àwọn tó ti gba ìwé ẹ̀rí máa ń padà wá fún àgbéyẹ̀wò. Olúkúlùkù á mú ọ̀rọ̀ ọmọ kan tó ń ṣòro fún un wá, á kà á sí etí àwọn yòókù, wọ́n á jọ wá ojútùú. Òfin ibẹ̀ le: kò sí orúkọ, kò sí àdúgbò, kò sí iṣẹ́ òbí, ohunkóhun tó lè tú ọmọ náà síta, gígé ni. Ní ọjọ́ tí mo ń wí yìí, àwọn mẹ́fà ló wá, Awakọ̀ wà lára wọn. Ó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé àwọn ọ̀dọ́ kan tó jìnnà, ilé tó ń gba ọ̀dọ́ títí dé ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ó jókòó sórí àga kékeré, ó ṣí ìwé rẹ̀.

"Ọ̀dọ́bìnrin kan ni," ló wí. "Mo ti gé gbogbo ohun tó yẹ kí n gé."

"O káre."

"Oṣù mẹ́rin ló ti ń wá bá mi. Ẹ ò rí ọmọ tó mọ ìròyìn-ín ròyìn! Tó bá ń sọ bí ọ̀gá wọn ṣe ń rìn, màá di ìhà mú ni. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ìyá rẹ̀ báyìí, ó parí, á padé bí ilẹ̀kùn. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ṣí díẹ̀. Ó ní nígbà tóun wà nílé ìwé, wọ́n gbé àpótí kan síbì kan. Páálí bàtà ni. Wọ́n ya etí sí i lára, ó ní etí ọ̀hún dà bí ẹ̀wà."

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Ìyá Ẹ-dákẹ́-ná kò rẹ́rìn-ín. Kò sí páálí bàtà mìíràn láyé yìí tí etí ẹ̀wà wà lára rẹ̀.

"Ó ní òun kọ̀wé sínú rẹ̀," Awakọ̀ ń bá a lọ. "Ọwọ́ òsì lòun fi kọ ọ́ kí wọ́n má bàa mọ òun, bẹ́ẹ̀ ó wu òun kí wọ́n mọ òun. Ìyá rẹ̀ ló ń dáhùn àwọn ìwé náà. Ó sì dáhùn tirẹ̀ bí ẹni ń dá ọmọ ẹlòmíràn lóhùn. Ó bi í pé ta ni àgbàlagbà tó lè bá sọ̀rọ̀ nílé."

"Yéè!" ni Nọ́ọ̀sì wí.

"Ohun tó kọ sínú ìwé náà rèé. Ó sọ ọ́ fún mi lẹ́yọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀." Ó lá ìka, ó fẹ́ ṣí ojú ewé kejì.

Ẹ̀yin èèyàn, ọdún mọ́kànlá ni ebi ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ti ń pa obìnrin náà. Ó wà lórí ìwé níbẹ̀ yẹn, kò jìn ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Orí rẹ̀ ti sáré padà sínú àpótí, ó ń tú àwọn ìwé tó ti di eérú. Èwo ni tirẹ̀ nínú wọn? Ṣé ẹni tó kọ pé òun ṣì ń gbọ́ ikọ́ bàbá òun nínú ilé ìwẹ̀ ni? Ṣé èyí tó kọ pé ilé àwọn tóbi jù ni? Tàbí nọ́ńbà kọkàndínlógún, tó kọ pé òun kò rí ìdí tí òun fi ń jí láàárọ̀? Ẹ gbà mí gbọ́, ká ní wọ́n fi ọmú ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ ní ìṣẹ́jú yẹn, kò ní fẹ́ dìde. Kó sáà dákẹ́ ni, iṣẹ́ tó mọ̀ jù láyé. Kó dákẹ́, kó sì gbọ́.

"Dúró," ló wí. "Pa ìwé yẹn dé."

Gbogbo wọn yíjú. Kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́nu rí nínú yàrá yẹn.

"Mo mọ ọmọ náà. Kò yẹ kí n wà níbi tí wọ́n ti ń sọ ọ́."

Ó jáde, ó lọ pe ọ̀gá rẹ̀, bàbá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Fáìlì, tó ń kó fáìlì rìn bí adìyẹ tó ń kó ọmọ. "Ẹ bá mi jókòó tì wọ́n, ọ̀gá." Bàbá wo ojú rẹ̀, kò béèrè ìdí, ó lọ.

Èwo ló wá kàn án láti gba ẹnu ọ̀nà yàrá kékeré kọjá? Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lápò rẹ̀. Ó ṣí i, ó wọlé, ó dúró níwájú dígí. Ó rí Awakọ̀ tí ètè rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀ láì sí ohùn. Ó rí Nọ́ọ̀sì tó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀gá Fáìlì fi fáìlì sílẹ̀, ohun tí ẹnìkan kò tíì rí rí. Ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ ń kọjá lójú gbogbo wọn, etí tirẹ̀ nìkan ni kò dé. Ìka rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì. Ó ka ení dé eéje. Ó tún un kà. Nígbà tó yá, ó rí i pé wíwò gan-an ti di olè, ó kẹ̀yìn sí dígí, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìta, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé ìfọṣọ níbi tí ooru aṣọ gbígbẹ ti ń fẹ́ síni lára.

Ibẹ̀ ni Awakọ̀ bá a.

"Màmá, ṣé mo ṣe nǹkan ni?"

"Ọmọ mi ni."

Ọkùnrin náà ṣí fìlà, ó rọra jókòó bí ẹni tí wọ́n yọ egungun lára rẹ̀. "Mo kú."

"O ò kú."

"Mo gé orúkọ. Mo gé ìlú. Mo gé iṣẹ́ ìyá. Àpótí... mo ní ta ló máa fi páálí bàtà mọ èèyàn?"

"Èmi ni mo yà á."

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan ṣoṣo fún yín, kí ọkàn yín lè..."

"Dákẹ́." Kò fi "ná" kún un. "Lọ́jọ́bọ̀, tó bá dé, kó tó jókòó, ìwọ lo máa sọ fún un. Sọ fún un pé èmi ló kọ́ ọ níṣẹ́, pé o ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú mi láì mọ̀. Sọ ibi tí mo ti dá ọ dúró gan-an. Má fi kún un, má yọ kúrò."

"Ó lè má padà wá mọ́."

"Mo mọ̀."

"Ó tún lè má pè yín mọ́, Màmá."

"Mo ní mo mọ̀!" Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Ṣé lóòótọ́ ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

Awakọ̀ ka nǹkan nínú ọkàn rẹ̀ kó tó dáhùn, ètè rẹ̀ ló tú u fó. "Màmá, ẹ ní kí n dákẹ́."

Ọjọ́bọ̀ kọjá. Lọ́jọ́ Àìkú, aago márùn-ún lù, fóònù kò dún. Aago mẹ́fà. Ó gbé e wò bóyá ó ti kú, kò kú. Ọ̀sẹ̀ yẹn, ó kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì tuntun ní àkàbà ẹ̀rù, ó sì ya àtẹ̀gùn mọ́kànlá dípò mẹ́wàá. Wọ́n rò pé ẹ̀kọ́ jíjinlẹ̀ ni, gbogbo wọn dà á kọ.

Àìkú kejì, aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú ogún, ó dún.

"Màámi."

"Ọmọ mi."

"Ẹni tí mò ń lọ bá lọ́jọ́bọ̀ ti sọ fún mi."

"Ó yẹ kó sọ ọ́."

"Inú bí mi. Mo la ife mọ́lẹ̀ ní ọ́fíìsì rẹ̀."

"Ṣé ó fọ́?"

"Ike ni."

Ìyá náà kò mọ̀ bóyá ó yẹ kí òun rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín kékeré kan gba imú rẹ̀ jáde, ó sì tètè gbé e mì.

"Ibo lẹ gbọ́ ọ dé?"

"Mo gbọ́ pé ọwọ́ òsì lo fi kọ ọ́. Mo gbọ́ èsì tí mo fún ọ. Ohun tí o kọ, mi ò gbọ́ ọ."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi dá a dúró?"

"Kì í ṣe èmi lo ń sọ ọ́ fún."

"Ẹ̀yin ni mo kọ ọ́ sí, Màámi."

Gbogbo ohun tí obìnrin náà mọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ sá fi í sílẹ̀, bí ìgbà tí adìyẹ rí àṣá. "Mo kà á," ló wí. "Mo mú un lọ́wọ́, mo kà á, mi ò rí ọ níbẹ̀. Ọmọ mi, má bínú. Nọ́ńbà wo lo lò?"

"Màámi!"

"Má dá mi lóhùn. Ẹnu mi ló yọ̀."

"Mi ò tíì lè sọ ọ́ fún yín."

"Ó dáa."

"Ó lè jẹ́ pé mi ò ní lè sọ ọ́ láéláé."

Ìyá fi ọwọ́ di etí tábìlì mú. "Ó dáa," ló wí. Kò dáa. Ó dùn ún débi egungun, ṣùgbọ́n gbígbà tó gbà kì í ṣe irọ́.

Ó ń retí kí ọmọ náà sọ pé ó dàbọ̀, nítorí ìṣẹ́jú mẹ́rin ti kọjá. Dípò bẹ́ẹ̀, ó gbọ́ tí nǹkan ń kan nǹkan.

"Ṣé ẹ ní ohun tí ẹ fẹ́ ṣe?"

"Kò sí."

"Mo ní abọ́ láti fọ̀. Ẹ má pa fóònù."

Omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Abọ́ kan, abọ́ méjì, ṣíbí tó já bọ́. Ìyá jókòó ti ariwo náà láì béèrè nǹkan kan. Nígbà tó kan ìkòkò, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi kànìnkànìn ha á, ó ń bú ẹni tó jẹ́ kí ọbẹ̀ jóná, òun kan náà sì ni ẹni ọ̀hún.